Bí A Ṣe Ń Lo Messōrius, Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe Látìnì fún Ohun Tí Ó Jẹ Mọ́ Olùkórè

Lára ohun tí à ń rà lójoojúmọ́ ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo ni ilá, ẹ̀gẹ́ àti tòmátì. Abelmoschus esculentus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ilá, Manihot esculenta ni wọ́n ń pe ẹ̀gẹ́, Lycopersicon esculentum sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe tòmátì tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “èyí tí ó ṣeé jẹ”. Ìtumọ̀ náà kò yí padà rárá, ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ni ó yí, ohun tí ó sì yí i ni ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó ṣáájú rẹ̀. Akọ ni Abelmoschus nínú gírámà Látìnì, abo ni Manihot, Lycopersicon kò sì ṣakọ, kò ṣabo. Ẹni tí ó bá ti lóye èyí ti mọ ìlànà tí gbogbo ìyókù dá lé lórí.

Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí messōrius, ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí ó túmọ̀ sí “ti olùkórè” tàbí “èyí tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ àwọn olùkórè”. Mo kọ ọ́ fún àwọn tí ń kọ́ Látìnì fúnra wọn ní ìlú wa: akọrin ìjọ Àgùdà tí ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kọ lórin, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, àti ẹni tí ń kọ́ nípa ewéko. Ìdí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó tẹ̀ lé òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹbí rẹ̀ sì pé: ọ̀rọ̀ ìṣe wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ wà níbẹ̀, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò dáadáa yóò mọ bí a ti ń lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn tí a ṣẹ̀dá bákan náà. Ohun tí mo sì fẹ́ tẹnu mọ́ jù lọ ni pé kì í ṣe àtẹ ìparí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ há sórí. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè, nítorí pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe Látìnì kì í dá ìpinnu ṣe. Ohun tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá wí ni yóò tẹ̀ lé.

Bí a ṣe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí ẹ ó ṣe rí i nínú ìwé atúmọ̀ èdè ni metō, metere, messuī, messum. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: “mo ń kórè”, “láti kórè”, “mo ti kórè”, àti ìkẹrin tí a fi ń ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìkẹrin yìí ni kí ẹ mú dání. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe náà ni met-, ṣùgbọ́n nígbà tí t tí ó wà níparí ìpìlẹ̀ pàdé t tí ó bẹ̀rẹ̀ àfòmọ́, méjèèjì para pọ̀ di ss. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú patior, “mo ń jìyà”, tí ó bí passus, àti nínú fateor, “mo jẹ́wọ́”, tí ó bí fassus. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ẹni tí ń kórè ní messor, tí t kankan kò sì hàn nínú orúkọ rẹ̀ mọ́.

Àfòmọ́ ìparí -tor, tí ó di -sor níbi tí ss bá ti wọlé, ń ṣe iṣẹ́ tí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ olù- àti a- ń ṣe ní èdè tiwa. Láti ara kórè ni a ti rí olùkórè, láti ara pẹja ni a ti rí apẹja. Àwọn ará Róòmù náà ní messor àti piscātor. Wọ́n tilẹ̀ ní òrìṣà kan tí ń jẹ́ Messor. Servius, onímọ̀ gírámà Látìnì kan láyé àtijọ́, tí ó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé Fabius Pictor, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlùfáà tí ń rúbọ sí Ilẹ̀ àti sí Ceres, òrìṣà ọkà, máa ń pe òrìṣà méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ oko tirẹ̀, láti orí Vervactor tí ń kọ́kọ́ tú ilẹ̀ títí dé orí Promitor tí ń mú ọkà jáde láti inú àká. Messor wà láàárín Subruncinator tí ń fa èpò tu àti Convector tí ń kó irè wálé. Ẹ wo bí orúkọ wọn ti parí: -tor ni gbogbo wọn àfi Messor tí ó ní -sor, ìdí rẹ̀ sì ni ti t méjì tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan. Ará Òṣogbo, tí ó mọ̀ pé a kì í ṣàdédé pe orúkọ níwájú òrìṣà, yóò lóye ìdí tí wọ́n fi tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tí ó kàn ni èyí tí èdè Yorùbá kì í gbé. Nígbà tí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ mọ́ irú ènìyàn kan, a kàn ń fi orúkọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé orúkọ nǹkan náà: aṣọ ọdẹ, ọkọ́ àgbẹ̀, dòjé olùkórè. Àwọn ará Róòmù ń fi àfòmọ́ -ius kún ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ náà kí ó lè di ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ìpìlẹ̀ messor ni messōr-, bí a ti ń rí i nínú messōris, “ti olùkórè kan”. Fi -ius kún un, messōrius dé. Ọ̀nà kan náà ni praetor, aláṣẹ kan ní Róòmù, gbà di praetōrius, tí senātor di senātōrius, tí piscātor di piscātōrius, tí vēnātor, ọdẹ, di vēnātōrius, tí gladiātor sì di gladiātōrius. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mọ musculus sartorius, iṣan tí ó gùn jù lọ nínú ara ènìyàn, tí ó gba orí itan kọjá wá sí ìsàlẹ̀ orúnkún. Láti ara sartor, ẹni tí ń lẹ aṣọ tàbí tí ń rán an, ni orúkọ náà ti wá. Ó parí sí -us nítorí pé akọ ni musculus.

Ẹ má ṣe rò pé messōris àti messōrius jẹ́ ohun kan náà. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni messōris, ó sì ń tọ́ka sí olùkórè kan pàtó: falx messōris ni dòjé tí olùkórè kan ní, èyí tí a lè bi í pé ibo ni ó gbé e sí. Falx messōria ní tirẹ̀ ni irú dòjé tí àwọn olùkórè ń lò, ìbáà wà lọ́wọ́ olùkórè, ìbáà wà ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà á. Yorùbá ń sọ méjèèjì bákan náà, a sì ń fi “náà”, “yẹn” tàbí ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká mọ èyí tí à ń wí. Látìnì pín in láti ilẹ̀, nítorí náà ẹni tí ń túmọ̀ láti Yorùbá sí Látìnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu èyí tí ó ní lọ́kàn kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí a ṣe ń pè é

Sílébù mẹ́rin ni ó ní: mes-sō-ri-us. Ìlà tí ó wà lórí o jẹ́ àmì pé fáwẹ̀lì náà gùn, kì í ṣe àmì ohùn, ẹ má sì kà á bí ohùn àárín. Òfin Látìnì ni pé bí sílébù tí ó ṣáájú ti ìparí bá kúrú, agbára ohùn yóò bọ́ sórí sílébù tí ó ṣáájú rẹ̀. Níbí, -ri- kúrú, nítorí náà orí -sō- ni ẹ ó ti tẹ ohùn. Ẹ pe s méjèèjì: ọ̀kan pa sílébù àkọ́kọ́ dé, ọ̀kan ṣí èkejì. Èyí kì í rọrùn fún ẹnu Yorùbá, nítorí pé a kì í fi kọ́ńsónáǹtì pa sílébù dé, ẹnu wa sì ń fẹ́ sáré kọjá lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá gùn sí i, agbára ohùn náà yóò sún: messōriōrum bọ́ sórí -ō- kejì, nítorí pé sílébù yẹn gùn.

Ìbéèrè mẹ́ta tí a ń bi ọ̀rọ̀ orúkọ

Kí ẹ tó fi ìparí kankan sí ara messōri-, ẹ bi ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó fẹ́ bá rìn ní ohun mẹ́ta: ṣé akọ ni ọ́ ni, tàbí abo, tàbí kò-ṣakọ-kò-ṣabo? Ṣé ẹyọ ni ọ́ tàbí ọ̀pọ̀? Iṣẹ́ wo ni ò ń ṣe nínú gbólóhùn yìí? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ ni yóò sọ ìparí tí ó tọ́, ọ̀kan kò sì tó láìsí èkejì.

Ìbéèrè kẹta ni ó máa ń dààmú àwọn ènìyàn wa jù, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Nínú “mo rí i” àti “ó rí mi”, ènìyàn kan náà ni mo àti mi, ìrísí ọ̀rọ̀ yí padà nítorí pé ní àkọ́kọ́ òun ni olùwà, ní èkejì òun ni àbọ̀. Ara ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ nìkan ni Yorùbá ti ń ṣe èyí. Látìnì ń ṣe é fún gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ, ó sì ń sọ ọ́ di dandan fún ọ̀rọ̀ àpèjúwe láti tẹ̀ lé e. Ipò mẹ́fà ni ó wà. Ipò olùwà, nōminātīvus, ni ti ẹni tàbí ohun tí ń ṣe nǹkan. Ipò oníǹkan, genitīvus, ń sọ ẹni tí ó ni nǹkan. Ipò olùgbà, datīvus, ni ti ẹni tí a fún ní nǹkan. Ipò àbọ̀, accūsātīvus, ni ti ohun tí a ṣe nǹkan sí, àti ti ibi tí a ń lọ lẹ́yìn àwọn ọ̀rọ̀ bí i in. Ìkarùn-ún ni ablātīvus, tí mo ń pè ní ipò ohun èlò, nítorí pé ohun tí a fi ṣe iṣẹ́ ni ó máa ń wà níbẹ̀ nígbà púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún ń sọ ibi tí nǹkan wà àti ibi tí ó ti kúrò. Ipò ìpè, vocātīvus, ni a ń lò nígbà tí a bá ń pe ẹni tàbí nǹkan.

Báyìí ni messōrius ṣe ń yí, bí ẹ bá tẹ̀ lé ètò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí mo ṣe tò wọ́n:

Ẹyọ, akọ: messōrius, messōriī, messōriō, messōrium, messōriō, messōrie.
Ẹyọ, abo: messōria, messōriae, messōriae, messōriam, messōriā, messōria.
Ẹyọ, kò-ṣakọ-kò-ṣabo: messōrium, messōriī, messōriō, messōrium, messōriō, messōrium.
Ọ̀pọ̀, akọ: messōriī, messōriōrum, messōriīs, messōriōs, messōriīs, messōriī.
Ọ̀pọ̀, abo: messōriae, messōriārum, messōriīs, messōriās, messōriīs, messōriae.
Ọ̀pọ̀, kò-ṣakọ-kò-ṣabo: messōria, messōriōrum, messōriīs, messōria, messōriīs, messōria.

Àyè 36 ni ó wà nínú àtẹ yìí, ṣùgbọ́n ìrísí 14 péré ni ó kún gbogbo rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ipò ìpè akọ. Fīlius, “ọmọkùnrin”, ń di fīlī nígbà tí a bá ń pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí ó parí sí -ius kì í ṣe bẹ́ẹ̀. -Ie ni ó máa ń ní, ìdí nìyí tí ẹ fi rí messōrie.

Nípa akọ àti abo, ẹ má ṣe fi ìparí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe ìdájọ́, ìwé atúmọ̀ èdè ni kí ẹ bi. Falx, dòjé, abo ni, bẹ́ẹ̀ ni kò ní a kankan níparí. Corbis, agbọ̀n, abo ni lọ́wọ́ Cicero, agbẹjọ́rò àti òǹkọ̀wé Róòmù. Labor, iṣẹ́ àṣekára, akọ ni. Agricola, àgbẹ̀, parí sí -a, síbẹ̀ akọ ni, nítorí pé ọkùnrin ni wọ́n fi ń ro àgbẹ̀. Manus, ọwọ́ tàbí ẹgbẹ́ ènìyàn tí ó kóra jọ, parí sí -us, síbẹ̀ abo ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ “ẹgbẹ́ olùkórè” ní Látìnì yóò kọ manus messōria, ojú yóò sì kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, nítorí pé ìparí méjèèjì kò jọra. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí wọ́n bára mu ní jẹ́ńdà (ìyẹn akọ, abo tàbí kò-ṣakọ-kò-ṣabo), ní iye, àti ní ipò. Òfin kò béèrè pé kí ìparí wọn dún bákan náà rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń kùnà nínú Látìnì, ibí yìí ni wọ́n ti ń kùnà: etí ni wọ́n fi ń wá ìbáramu, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n fi ìmọ̀ wá a.

Messōrius nínú gbólóhùn gidi

Kí ẹ lè mọ ìdí tí dòjé àti agbọ̀n fi jẹ́ ohun méjì tí ó bá messōrius mu jù, ó dára kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kórè ní Ítálì àtijọ́. Varro, òǹkọ̀wé Róòmù kan, tí ó kọ ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọdún 37 ṣáájú ìbí Jésù, sọ pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà. Ní Umbria, wọn a fi dòjé gé ọkà nísàlẹ̀, ní ìtòsí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn a gé ṣírí kúrò lára pòròpórò, wọn a dà wọ́n sínú agbọ̀n, wọn a sì gbé e lọ sí ilẹ̀ ìpakà. Ní Picenum, igi títẹ̀ tí ó ní ayùn irin kékeré lórí ni wọ́n ń lò, tí yóò gé ṣírí nìkan tí yóò sì fi pòròpórò sílẹ̀ ní ìdúró. Ní agbègbè Róòmù, wọn a fi ọwọ́ òsì di orí ọkà mú, wọn a sì gé e láàárín. Varro gbà pé láti ara medium, “àárín”, yìí ni messis, ìkórè, ti gba orúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí i lókè pé láti ara metō ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìṣìnà náà, nítorí pé ó fi hàn pé ọkùnrin náà dúró lórí oko, ó sì ń wo ọwọ́ àwọn olùkórè bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Agbọ̀n tí a ń da ṣírí ọkà sí yìí ni corbis messōria. Cicero lò ó nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní kóòtù ní ọdún 56 ṣáájú ìbí Jésù láti gbèjà Sestius, olóṣèlú Róòmù kan. Àwọn jàǹdùkú ti lu Sestius títí wọ́n fi rò pé ó ti kú. Nígbà tí ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gbèrò láti pa ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ tí ó wà lẹ́yìn tiwọn gan-an, kí wọ́n lè di ẹ̀bi ru àwọn alátakò wọn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa náà, tí ń jẹ́ Numerius Quintius, fura. Ó wọ ẹ̀wù àwọn darandaran ìbaaka, ó sì fi agbọ̀n àwọn olùkórè bo ara rẹ̀. Cicero ní bí àwọn kan ti ń wá Numerius ni àwọn kan ń wá Quintius, orúkọ méjì tí ó ní sì ni ó gbà á là. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí Cicero fi sọ ti agbọ̀n náà nìyí: messōriā sē corbe contēxit.

Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ ni ó wà nínú rẹ̀. Contēxit ni ọ̀rọ̀ ìṣe, “ó bo”. Sē ni “ara rẹ̀”, òun ni àbọ̀. Ó ku messōriā àti corbe. Corbe ni corbis nínú ipò ohun èlò: agbọ̀n ni ó fi bora. Ẹ wá bi corbe ní ìbéèrè mẹ́ta náà. Abo ni, ẹyọ ni, ipò ohun èlò ni ó wà. Messōrius tí ó jẹ́ abo, tí ó jẹ́ ẹyọ, tí ó sì wà ní ipò ohun èlò kì í ṣe òmíràn bí kò ṣe messōriā. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni ó jọ ń rìn, bí ọ̀kan tilẹ̀ parí sí -ā tí èkejì sì parí sí -e, tí sē sì jókòó sáàárín wọn. Ohun méjì ni Cicero ṣe níhìn-ín tí Yorùbá kì í ṣe. Ó fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣáájú, kí àwọn tí ń gbọ́ ọ lè ti máa retí ohun tí ó jẹ́ ti olùkórè kí wọ́n tó mọ̀ pé agbọ̀n ni. Ó sì ya á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀. Àwa kò lè sọ pé “olùkórè ara rẹ̀ agbọ̀n ni ó fi bò”, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa, ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú ìlà ni ó ń sọ ẹni tí ó ni ín. Ní Látìnì, ìparí ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn tí ó ń bá mi kàwé ni pé kí wọ́n má ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ àpèjúwe ní kété tí wọ́n bá pàdé rẹ̀. Kí wọ́n kọ ìparí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí wọ́n máa bá kíkà lọ títí wọn yóò fi rí ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó bá a mu ní ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ ìwé Látìnì tí a tẹ̀ kì í fi ìlà sórí fáwẹ̀lì. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, messoria lásán ni ẹ ó rí. Ó lè jẹ́ olùwà, ẹyọ, abo; ó lè jẹ́ ipò ohun èlò; ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ kò-ṣakọ-kò-ṣabo. Corbe nìkan ni yóò gbà yín lọ́wọ́ iyèméjì. Èyí ni mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí a kọ́kọ́ lọ bá.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọra tí ó lè ṣì wá lọ́nà

Messōrum àti messōrium: i kan ṣoṣo ni ó pín wọn níyà. Messōrum jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, “ti àwọn olùkórè”, ìyẹn messor nínú ọ̀pọ̀ àti ipò oníǹkan. Messōrium jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Cantus messōrum ni orin tí àwọn olùkórè ń kọ. Cantum messōrium ni irú orin ìkórè, nígbà tí ó bá jẹ́ àbọ̀.

Ẹ tún ya messis sọ́tọ̀ kúrò lára messor. Ìkórè ni messis, abo ni, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ kẹta àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ Látìnì. Inú Ìhìn Rere Mátíù, orí 13 ẹsẹ 30, nínú Bíbélì Látìnì, ni ibi tí mo ti rí i pé ó dára jù láti fi kọ́ ìyàtọ̀ náà: ọ̀gá oko ní kí wọ́n jẹ́ kí àlìkámà àti èpò jọ dàgbà usque ad messem, títí di ìgbà ìkórè, et in tempore messis dicam messoribus, ní àkókò ìkórè òun yóò sì sọ fún àwọn olùkórè. Messem ni àbọ̀ lẹ́yìn ad. Messis níbí ni ipò oníǹkan, “ti ìkórè”. Messoribus ni àwọn olùkórè nínú ipò olùgbà. Ẹ rí i pé tempus messis ni a lò fún àkókò ìkórè. Èmi náà ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí ó fi messōrius mọ sí irinṣẹ́, iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn olùkórè, kí ó sì fi ìgbà ìkórè sílẹ̀ fún messis.

Àwọn onímọ̀ kòkòrò náà ń lo messor. Forel, onímọ̀ nípa èèrà, ni ó fi Messor sọ àwọn èèrà kan lórúkọ ní ọdún 1890, àwọn èèrà tí ń kó èso koríko jọ sínú ihò wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Messor barbarus. Ìdí tí ó fi jẹ́ barbarus, tí kò fi jẹ́ barbara, ni pé akọ ni messor.

A kì í fi messōrius ṣe ìfiwéra. Dòjé kan kò lè jẹ́ ti olùkórè ju dòjé mìíràn lọ, nítorí náà ẹ má ṣe wá ìrísí tí ó túmọ̀ sí “jù” fún un nínú ìwé gírámà.

Ìdánrawò

Èmi ni mo ṣe àwọn gbólóhùn wọ̀nyí fún ìdánrawò, kò sí èyí tí mo mú láti inú ìwé àtijọ́. Ẹ bo ìdáhùn tí ó tẹ̀ lé wọn kí ẹ tó gbìyànjú.

Messor falcem messōri__ tenet, “olùkórè náà di dòjé mú.” Messōrēs falcibus messōri__ spīcās secant, “àwọn olùkórè ń fi dòjé gé ṣírí ọkà.” Spīcās in corbem messōri__ coniciunt, “wọ́n ń da ṣírí ọkà sínú agbọ̀n.” In corbe messōri__ spīcae iacent, “ṣírí ọkà wà nínú agbọ̀n.” Ferrāmenta messōri__ in horreō sunt, “àwọn irinṣẹ́ olùkórè wà nínú àká.” Ager manū messōri__ complētur, “ẹgbẹ́ olùkórè kún inú oko.”

Falcem jẹ́ àbọ̀, abo àti ẹyọ, nítorí náà messōriam ni. Falcibus jẹ́ ọ̀pọ̀, ó sì wà ní ipò ohun èlò, nítorí náà messōriīs. Ẹ fi ìkẹta àti ìkẹrin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: in pẹ̀lú ipò àbọ̀ ń sọ pé nǹkan ń wọlé lọ, ó di messōriam, in pẹ̀lú ipò ohun èlò ń sọ pé nǹkan ti wà níbẹ̀, ó di messōriā. Ferrāmenta jẹ́ ọ̀pọ̀ kò-ṣakọ-kò-ṣabo, messōria ni, ẹ má sì kà á sí abo nítorí -a tí ó ní. Manū jẹ́ abo nínú ipò ohun èlò, messōriā ni.

Èyí tí ó kẹ́yìn le díẹ̀: Messōrium dominus post longam famem laetus laudat labōrem. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ láti apá òsì. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni laudat, “ó ń yìn”. Dominus ni olùwà, laetus, “pẹ̀lú ayọ̀”, sì bá a mu: akọ, ẹyọ, ipò olùwà. Longam bá famem mu, abo, ẹyọ, ipò àbọ̀ lẹ́yìn post: “lẹ́yìn ìyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́”. Ó ku messōrium, tí ó ti ń dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Dominus kò lè gbà á, nítorí pé ipò olùwà ni òun wà. Famem kò lè gbà á, nítorí pé abo ni. Labōrem nìkan ni ó jẹ́ akọ, tí ó jẹ́ ẹyọ, tí ó sì wà ní ipò àbọ̀: “Olóko náà, pẹ̀lú ayọ̀ lẹ́yìn ìyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ń yin iṣẹ́ àṣekára àwọn olùkórè.”